Ṣájà Ọkọ̀ Oníná Wo Ni Bọ́ọ̀dù Ilé Yín Lè Gbé? Ìfiwéra fún Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọjọ́ Sátidé kan ni Alhaji kan pe èmi oníṣẹ́ iná wá sílé rẹ̀ lẹ́bàá òpópónà Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ oníná ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Ṣájà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó wà nínú páálí lórí àga ní pálọ̀: áńpù 32, kílówáàtì 7.4. Alhaji ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé e kọ́ ara ògiri gáréèjì kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo ní, "Ẹ má bínú, Alhaji, kọtáòtù yín, ibi tí fíúùsì àgbà wà, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Nígbà tí mo yọ fíúùsì jáde, ìdí rẹ̀ ti dúdú, ike ara rẹ̀ sì ti wú níbi tí bàbà ti wọlé. Mo gbé e sún mọ́ Alhaji kó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ike tó jóná ṣì wà lára rẹ̀. Áńpù 60 ni wọ́n kọ sí i. Ọkọ̀ oníná kankan kò tíì dé ilé náà o. AC méjì, fìríísà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ti ń wọ ọ́ lára láti ọdún yìí wá, ẹnu kọtáòtù náà ti dẹ̀, iná sì máa ń gbóná níbi tí kò bá ti rí nǹkan dì mú dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi mí pé ṣájà wo ló dára jù, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: áńpù mélòó ló ṣẹ́kù lórí wáyà ilé yín ní agogo mẹ́jọ alẹ́? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká to àwọn ṣájà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná, kí a tó wọ inú bọ́ọ̀dù.

| | Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A | Ìlà tirẹ̀, 16A | Ìlà tirẹ̀, 32A | Féèsì mẹ́ta, 16A |
|---|---|---|---|---|
| Áńpù tó ń fà | 10 | 16 | 32 | 16 lórí féèsì kọ̀ọ̀kan |
| Agbára ní fóòtì 230 | 2.3 kW | 3.7 kW | 7.4 kW | 11 kW |
| Wákàtí fún ìrìn 100 km | bíi 9 | bíi 5 ààbọ̀ | kò tó 3 | kò tó 2 |
| Wáyà bàbà | 2.5 mm² | 4 mm² | 6 mm², 10 bí ó bá jìn | 4 mm² |
| Bírékà tirẹ̀ | 16A | 20A | 40A | 20A, ọlọ́wọ́ mẹ́ta |

Báyìí ni mo ṣe ṣírò wákàtí yẹn. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù máa ń jẹ bíi yúníìtì 18 fún 100 kìlómítà. Díẹ̀ máa ń ṣòfò láti ara ògiri dé inú bátìrì, nítorí náà mo pè é ní yúníìtì 20. Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ Ṣàgámù tó sì padà, bíi 80 kìlómítà ló rìn; yúníìtì 16 ni yóò dá padà sínú ọkọ̀ lálẹ́.

Bí ènìyàn bá wo ti wákàtí nìkan, 32 ló máa wù ú. Ẹ padà wo áńpù. Áyọ́ọ̀nù ń fa bíi 5, bó bá sì gbóná tán, á sinmi díẹ̀ kó tó tún fà. Kẹ́tùlù oníná ń fa bíi 9, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí omi fi hó. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ti gbé 32 lé orí, ó gbé e lé orí fún wákàtí mẹ́ta gbáko, gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé wáyà nínú ilé yín yóò sì mọ̀ ọ́n lára: ẹnu kọtáòtù, ẹnu mítà, ẹnu bírékà. Ilé tó ti ń gbé AC àti áyọ́ọ̀nù fún ogún ọdún láìsí wàhálà lè má lè gbé èyí fún alẹ́ kan.

Ibi tó tín-ín-rín jù ni agbára ilé

Iná máa ń gba ibi mélòó kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wáyà tó ti orí òpó wá ni àkọ́kọ́. Ó kan kọtáòtù, tí wọ́n sábà máa ń kọ 60 tàbí 100 sí lára. Ó kan mítà: ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí nǹkan bíi 5(60)A, 60 tó wà nínú àkámọ́ yẹn ni òpin ohun tí mítà náà lè gbé. Lẹ́yìn mítà ni wáyà tó lọ sínú ilé, àti suíìsì àgbà inú bọ́ọ̀dù, tó lè jẹ́ 63 tàbí 100. Èyí tó bá kéré jù nínú gbogbo wọn ni ẹ ní. Mo ti dé ilé kan rí tí baálé ilé ń fi suíìsì 100 inú bọ́ọ̀dù rẹ̀ hàn mí tayọ̀tayọ̀, bẹ́ẹ̀ mítà 60 ló wà níta, wáyà 10 mm² ló sì so méjèèjì pọ̀. Sítíkà ló ní, kò ní 100.

Ẹ fi ojú wò ó ni mo wí o. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná kò gbọdọ̀ fọwọ́ yọ fíúùsì kọtáòtù, mítà sì ní èdìdì IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, lára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u.

Ẹrù tó máa ń wà lórí iná fún wákàtí púpọ̀, èmi kì í jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ kọjá ìdá 80 nínú 100 ohun tí ibi tó kéré jù lè gbé. Lórí 60, áńpù 48 nìyẹn. Mo máa ń lo 48 yìí nígbà gbogbo nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ féèsì ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Onílé á ní, "Féèsì mẹ́ta ló wọ ilé mi." Òótọ́ ni, wáyà mẹ́ta ti orí òpó wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó: kọtáòtù mẹ́ta tò sára ògiri, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbé iná wọlé. Bí iná tibí bá rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yí i sí ìkejì. Bí ìkejì bá lọ, wọ́n á yí i sí ìkẹta. Ilé yẹn ń ṣa féèsì lẹ́ṣà ni, kò lo mẹ́ta pọ̀ rí. Agbára féèsì kan náà ló ní. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, mítà ni kí ẹ wò: mítà féèsì mẹ́ta máa ń ní 3x230/400V lójú, bírékà inú bọ́ọ̀dù á sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí mítà bá jẹ́ ti 230V nìkan, ẹ fi òpó ìkẹrin inú àtẹ òkè yẹn sílẹ̀, kì í ṣe tiyín.

Ka ìmọ́lẹ̀ pupa

Oníṣẹ́ iná ní òǹwọ̀n kan tó máa ń gbá wáyà mú bí ọwọ́ alákàn, á sì sọ iye áńpù tó ń kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní i, mítà yín lè sọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan bíi 1000 imp/kWh. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ẹ́gbẹ̀rún, yúníìtì kan ti lọ. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ tẹ aago rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1000 pín in. Kílówáàtì tí ilé ń fà lásìkò náà gan-an nìyẹn. Bí ti yín bá jẹ́ 1600, 1600 ni kí ẹ fi pín in.

Èmi àti Alhaji dúró níwájú mítà rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, òun ló ń wo aago, èmi ló ń kà. Ó ṣẹ́jú nígbà 92. 92 lọ́nà 60, pín in sí 1000: kílówáàtì 5.5. Ní fóòtì 230, áńpù 24 nìyẹn. A wọlé lọ wo ohun tó ń jẹ ẹ́: AC méjì oníhọ́ọ̀sì kan àbọ̀, bíi 2.4, ẹ̀rọ tó ń fa omi, bíi 1, fíríìjì àti fìríísà, 0.4, gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, 0.5, ọmọ kan sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìmúra ọjọ́ kejì, 1.2. Iye náà pé.

Ẹ ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta: lálẹ́ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wà nílé, lóru, àti ní kété tí iná bá dé lẹ́yìn tó ti lọ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ má fo ẹ̀ẹ̀kẹta yìí o. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà nípa ṣájà ní ìlú òyìnbó kì í sábà ronú kàn án, torí iná wọn kì í sábà lọ. Tiwa, bí iná bá ti dé báyìí, gbogbo nǹkan ló máa jí lẹ́ẹ̀kan náà: fìríísà tí yìnyín rẹ̀ ti ń yọ́, AC, ẹ̀rọ omi torí táǹkì ti gbẹ, ínfátà tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ọkọ̀ náà á sì tún gba tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ló ń sun ẹnu kọtáòtù.

Ilé mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta

Ti Alhaji: áńpù 24 lálẹ́, òpin 48. Bí a bá fi 32 kún un, ó di 56. Kí ẹnìkan tún wá gbé kẹ́tùlù kaná, 65. Fíúùsì 60 tí ìdí rẹ̀ ti dúdú ni a ń sọ o. Bí ó bá jẹ́ 16, 40 ló máa jẹ́, kẹ́tùlù á gbé e dé 49 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ṣeé fara mọ́.

Lóru ńkọ́? Ní agogo méjì òru, AC kan, fíríìjì àti fìríísà, pẹ̀lú gílóòbù ìta, bíi áńpù 8 ni gbogbo rẹ̀. 8 àti 32 jẹ́ 40. Nítorí náà 32 wọ bọ́ọ̀dù Alhaji bó bá jẹ́ òru nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ṣájà àti ọkọ̀ ló sì ní aago tí a lè fi sọ fún un pé agogo kan òru sí márùn-ún ni kó máa gba iná. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì dá a lábàá fún un. Òru tí iná bá lọ, ọkọ̀ á sun ebi. Lọ́jọ́ kejì, baba á ní kí wọ́n pa aago náà kí ọkọ̀ lè jẹun lọ́sàn-án, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí dá a padà. Ààbò ilé tó dúró lé ìrántí ènìyàn nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn. 16 ni mo sọ fún un.

Ti Màmá kan ní Ìpẹ́rù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì: bọ́ńgálò oníyàrá méjì, kò sí AC, gáàsì ló fi ń dáná, wáyà 16 mm² tuntun ló ti mítà wọlé. Ilé náà kì í kọjá áńpù 5 lálẹ́. Bọ́ọ̀dù yìí lè gbé 32 láìfọhùn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn tà á fún un. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti Ìlìṣàn ni Màmá ń lọ, ọjọ́ tó bá rìn jù ló ń dé Ṣàgámù. Ìrìn rẹ̀ kì í ju 30 kìlómítà lójúmọ́, yúníìtì 6. Áńpù 10 á dá ìyẹn padà láàárín wákàtí mẹ́ta kó tó sùn. Mo ní, "Mà, ẹ fi owó ṣájà ńlá yẹn gbọ́ tàwọn ọmọ-ọmọ." Ohun kan ṣoṣo tí mo bá a fà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí a lo èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí fíríìjì ń lò. Mo kọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọkọ̀ á máa fi ara tì fún wákàtí mẹ́ta lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ojúlówó, kó ní wáyà tirẹ̀ láti bọ́ọ̀dù wá, kí nǹkan mìíràn má sì sí lórí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí pọ́lọ́ọ̀gì lẹ́yìn wákàtí kan: bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú, bí ọwọ́ kò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá sì ti ń yí ẹnu ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, ó ti ń jóná láti inú nìyẹn.

Irú ti Màmá yìí náà ló yẹ àwọn ọmọ wa tó ń gbé Èkó, tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nìkan ni wọ́n ń wálé. Ẹ ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó dára sí gáréèjì bàbá yín. Ó tó.

Ti ẹ̀kẹta dùn mí, torí owó ti jáde kí n tó débẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ṣàgámù, féèsì mẹ́ta tòótọ́, mítà rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, bíi 120 kìlómítà ló ń rìn lójúmọ́, yúníìtì 24. Ó lọ ra ṣájà féèsì mẹ́ta, kílówáàtì 11, ó ní kí òun má bàa jìyà. Ọkọ̀ rẹ̀ ni Nissan Leaf tòkunbọ̀. Irú Leaf yẹn kò lè gba ju féèsì kan lọ láti ara ṣájà ilé! Nínú 11 tí ṣájà ní, 3.7 péré ló ń wọ inú ọkọ̀, torí áńpù 16 orí féèsì kan ló lè fà. Ó tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ kí yúníìtì 24 tó wọlé. Ká ní 32 oníféèsì kan ló rà, tí a gbé e sórí féèsì tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ tó ń gba iná nínú ọkọ̀ náà ì bá gba kílówáàtì 6.6, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló máa parí, bọ́ọ̀dù rẹ̀ á sì gbé e láìsí ìṣòro. Kí ẹ tó san owó ṣájà, ẹ wádìí kílówáàtì tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lè gbà, àti bóyá féèsì kan ni tàbí mẹ́ta. Ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, féèsì kan ni.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà náà ni mo fẹ́ fi sọ èyí: okùn ṣájà tó máa ń wà nínú búùtù ọkọ̀ tí wọ́n kó wá láti ibẹ̀, òmíràn jẹ́ fún fóòtì 120 nìkan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 100-240V, ẹ lè lò ó. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má fi adápítọ̀ tì í mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Á jóná, ó sì lè mú nǹkan mìíràn dání.

Wákàtí tí iná fi ń wà

Ẹni tó wà ní Band A ní ẹ̀tọ́ sí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán. B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ẹ ronú pé ìdajì rẹ̀ ló máa bá ọkọ̀ nílé, torí ẹ ó ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo tún fi yúníìtì 16 ti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù wò ó. Lórí Band A, wákàtí 10 ló bá ọkọ̀ nílé, áńpù 10 lásán tó, ó ń fẹ́ wákàtí 7. Lórí C, wákàtí 6, áńpù 10 kò lè parí. 16 parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú. Lórí D, wákàtí 4, kódà 16 kò ní pé dáadáa. Lórí E, 32 pàápàá kò ní bá a.

Ẹ rí i pé ẹni tí iná rẹ̀ kéré jù ni ṣájà ńlá ń pè jù. Àdúgbò bẹ́ẹ̀ sì ni fóòtì sábà máa ń rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Bí fóòtì bá di 180, ṣájà 32 á ṣì máa fa 32 rẹ̀, wáyà á ṣì máa gbóná bákan náà, ṣùgbọ́n 5.8 ló máa wọ inú ọkọ̀ dípò 7.4. Fìríísà àti ẹ̀rọ omi tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́, áńpù tiwọn tún máa ń pọ̀ sí i bí fóòtì bá dínkù. Nítorí náà, mi ò lè gba ẹni tó wà lórí D tàbí E tó ń rìn jìnnà lójoojúmọ́ níyànjú pé kó gbé ọkàn lé ṣájà ilé nìkan, bó ti wù kí bọ́ọ̀dù rẹ̀ lágbára tó. Kó ní páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tó tó, tàbí kó ní ibi iṣẹ́ tó ti lè gba ṣáàjì.

Ti owó kò ṣòro. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A dé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni yúníìtì kan. Yúníìtì 20 fún 100 kìlómítà jẹ́ 4,500 náírà nígbà náà. Ẹ fi iye tí káàdì yín ń gé lónìí rọ́pò rẹ̀.

Kí á fẹ bọ́ọ̀dù, tàbí kí á tọ́jú èyí tó wà?

Bí ìṣirò bá fi hàn pé àyè kò sí, ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè kọ̀wé sí IBEDC pé ẹ fẹ́ féèsì mẹ́ta tàbí ìlà tó tóbi jù. Wáyà orí òpó, kọtáòtù, mítà àti bọ́ọ̀dù á yí padà, iṣẹ́ inú ilé á sì gba àyẹ̀wò, NEMSA sì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ iná, tó sì ń fún àwa oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Owó ńlá ni, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Ó tọ́ fún ilé tó ń rò láti ní ọkọ̀ méjì, tàbí ilé tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dàgbà tó fi jẹ́ pé àtúnṣe rẹ̀ kan ilé náà pẹ̀lú ọkọ̀ tàbí láìsí ọkọ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra ṣájà tó ń wo ẹrù ilé. Òrùka kékeré kan ni a máa gbé yí wáyà àgbà ká nínú bọ́ọ̀dù; bí áyọ́ọ̀nù àti AC bá dìde, ṣájà á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lè dé áńpù 6, tí kò bá sì sí àyè 6, á dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá sinmi, á tún gòkè. Èyí sàn ju aago lọ ní ọ̀dọ̀ wa, torí kò bìkítà ìgbà tí iná dé. Ohun tó ṣẹ́kù ló ń wò. Fún ilé oníféèsì kan tó ní mítà 60, bí owó bá wà, òun ni mo fẹ́ràn jù. Bí owó kò bá tó, ìlà 16.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, àwọn kan wà tí mi ò ní fi sílẹ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ lóòótọ́, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ní irin kan tó yọ orí lẹ́yìn ògiri, bí ọyẹ́ bá dé tí ilẹ̀ gbẹ, irin náà kò wúlò mọ́. Òmíràn kò tilẹ̀ so mọ́ nǹkan kan. Ṣájà tó dára máa ń mọ̀, á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, onílé á rò pé ó bàjẹ́. Ìdí kan náà ni ọ̀pọ̀ ṣájà fi ń kọ iná jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ìlà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní RCD tirẹ̀, bírékà tó ń gé iná bó bá ń jò gba ara ènìyàn, kó jẹ́ irú tó mọ jíjò iná bátìrì pẹ̀lú. Àwọn ṣájà kan ti ní apá yẹn nínú, ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Ó tún yẹ kó ní bírékà tó ń ṣọ́ fóòtì, torí bí iná bá ṣèèṣì dé pẹ̀lú 280, ọkọ̀ tó wọ́n ju ilé mìíràn lọ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má gba ṣájà kọjá inú sitẹbiláísà ilé: oní 5kVA kò gbé ju bíi áńpù 22 lọ. Ẹ má fi sí ọwọ́ ínfátà. Á gbẹ bátìrì kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí wọ́n bá gbé wáyà wá, ẹ fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀: bó bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, kì í ṣe bàbà gidi, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ní ti Alhaji, a kò sọ ṣájà ọmọ rẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ ṣájà 32 ló ní ibi tí a ti lè sọ fún un nínú pé kó má kọjá iye kan, mo sì rí bọ́tìnnì kékeré náà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Mo yí i sí 16. Àwọn òṣìṣẹ́ iná wá pààrọ̀ kọtáòtù, mo fa wáyà 6 mm² gba inú páìpù lọ sí gáréèjì, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá gba féèsì mẹ́ta, bọ́tìnnì àti bírékà nìkan ni a ó yí. Ní alẹ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ jẹun, mo padà lọ ní agogo mẹ́jọ pẹ̀lú òǹwọ̀n mi. Áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, AC méjèèjì ń ṣiṣẹ́, omi ń gòkè. Ó kà 41. Alhaji fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí kọtáòtù tuntun náà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó tutù."